Ẹ Jẹ́ Kí Ẹni Tí A Ṣẹ̀ Náà Sọ Tẹnu Rẹ̀

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó rí nínú ilé-ẹjọ́ ní ọjọ́ ìdájọ́ yóò mọ ohun tí a fẹ́ wí yìí. Adájọ́ ka ìwé ìdájọ́ rẹ̀ tán. Ó ní ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn jẹ̀bi. Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà náà ni adájọ́ yóò kọjú sí ẹni tí ó jẹ̀bi, yóò sì bi í bí ó bá ní ohunkóhun láti sọ kí a tó dá ìyà fún un. Lọ́yà rẹ̀ yóò dìde. Yóò ní oníbàárà òun kò dá irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ rí. Yóò ní ó ní ìyàwó àti ọmọ kéékèèké. Yóò ní ìyá rẹ̀ ti darúgbó, òun nìkan ni ó sì ń bọ́ ọ. Yóò ní ó ti ronú pìwà dà. Adájọ́ yóò tẹ́tí sílẹ̀, yóò kọ ọ́ sínú ìwé, lẹ́yìn náà ni yóò sọ iye ọdún tí ọkùnrin náà yóò lò lẹ́wọ̀n.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan tún wà lórí àga gbọọrọ tí ó wà lẹ́yìn. Òun ni wọ́n ṣá ní àdá. Òun ni wọ́n jí ẹrù rẹ̀ kó. Òun ni ìyá ọmọ tí wọ́n bà jẹ́. Kò sí ẹni tí ó kọjú sí i. Kò sí ẹni tí ó bi í pé: "Ìwọ ńkọ́? Kí ni ọ̀ràn yìí sọ ọ́ dà?" Nígbà tí ilé-ẹjọ́ bá tú, yóò dìde, yóò gbọn aṣọ rẹ̀, yóò sì máa lọ sílé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ikùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹni yìí ni a fẹ́ sọ lónìí.

Kí ó yé gbogbo ènìyàn gbangba pé a kò rí ohun tí ó burú nínú bíbi tí a ń bi ẹni tí ó jẹ̀bi léèrè ọ̀rọ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Abala 310 nínú Òfin Ìṣàkóso Ẹjọ́ Ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015 ni ó fi fún un. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni abala 36 nínú Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 to àwọn ẹ̀tọ́ ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn lẹ́sẹẹsẹ. A gbọ́dọ̀ kà á sí aláìṣẹ̀ títí ẹ̀rí yóò fi dá a lẹ́bi. A gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún un ní èdè tí ó yé e. A gbọ́dọ̀ fún un ní àkókò tí ó tó láti múra ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá gbọ́ èdè tí ilé-ẹjọ́ ń sọ, a gbọ́dọ̀ wá ògbifọ̀ fún un láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí ó ti rí ọjọ́ tí a ń ju ènìyàn sẹ́wọ̀n láìgbọ́ tẹnu wọn mọ iyì ẹ̀tọ́ wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá fẹ́ gé ọ̀kan kúrò nínú wọn, àwa kò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí a ń wí ni èyí tí àwọn baba wa ti wí fún wa láti ọjọ́ pípẹ́, pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe náà kò yọ ọjọ́ tí a ń wọn ìyà sílẹ̀. Bí a bá gbọ́ ohun tí ẹ̀wọ̀n yóò ṣe sí ìdílé ẹni tí ó dá ọ̀ràn, ó yẹ kí a gbọ́ ohun tí ọ̀ràn náà ti ṣe sí ìdílé ẹni tí a dá a sí.

Báwo ni ó ti ṣe di pé ẹni tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀ sí ni kò ní ohùn nínú ọ̀ràn ara rẹ̀? Kò ṣòro láti mọ̀. Nínú òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ni a gbà pé ọ̀daràn ṣẹ̀. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé orúkọ ìjọba tàbí ti Kọmíṣọ́nnà Ọlọ́pàá ni ó ń wà lórí ìwé ẹjọ́, tí orúkọ ẹni tí wọ́n lù tàbí tí wọ́n jà lólè kì í sí níbẹ̀. Ẹlẹ́rìí lásán ni ó jẹ́. Ẹlẹ́rìí kò sì gbọ́dọ̀ sọ ju ohun tí a bi í lọ. Bí lọ́yà bá bi í pé aago mélòó ni ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀, yóò dáhùn pé aago mẹ́jọ alẹ́ ni. Bí ó bá fẹ́ fi kún un pé láti alẹ́ ọjọ́ náà oorun kò kun òun mọ́, wọn yóò sọ fún un pé kí ó dáhùn ìbéèrè tí a bi í.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni a ti ń ṣe é ní ojúde baálé àti ní ààfin ọba. Níbẹ̀, olùfisùn ni a kọ́kọ́ ń sọ fún pé kí ó ro tẹnu rẹ̀. Àwọn àgbà yóò sì bi í ní ohun tí ó sọnù àti ohun tí ó kù. Àwa kò wí pé ìdájọ́ àtijọ́ kò ní àbùkù. A mọ̀ pé ẹni tí kò ní ènìyàn lẹ́yìn a máa jẹ̀bi níbẹ̀ nígbà mìíràn bí ó tilẹ̀ jàre. A sì gbà pé ó dára bí ìjọba ti gba ẹjọ́ ọ̀daràn ṣe, kí ìdílé kan má bàa máa fi àdá gbẹ̀san lára ìdílé kejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba gba ẹjọ́ lọ́wọ́ ẹni tí a ṣẹ̀, kò yẹ kí ó gba ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé òfin wa fúnra rẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn yìí dé ìlàjì. Abala kìn-ín-ní nínú òfin ọdún 2015 náà sọ pé ọ̀kan nínú ohun tí a torí rẹ̀ ṣe òfin ni ìdáàbòbò ẹ̀tọ́ afurasí, ti ẹni tí ń jẹ́jọ́, àti ti ẹni tí a ṣẹ̀. Abala 311 pàṣẹ fún adájọ́ pé nígbà tí ó bá ń dá ìyà, kí ó wo ire ẹni tí a ṣẹ̀, ti ẹni tí a dá lẹ́bi, àti ti àwùjọ. Abala 314 fún un ní agbára láti ní kí a san owó gbà-máà-bínú fún ẹni tí a ṣẹ̀, ó sì lè pe ẹ̀rí kún ẹ̀rí kí ó lè mọ iye tí ó tọ́. Abala 270, tí ó sọ̀rọ̀ nípa àdéhùn láàárín agbẹjọ́rò ìjọba àti ẹni tí ń jẹ́jọ́, ní kí a jẹ́ kí ẹni tí a ṣẹ̀ sọ èrò ọkàn rẹ̀ fún agbẹjọ́rò ìjọba bí ó bá ti lè ṣeé ṣe. Ìpínlẹ̀ Èkó ni ó kọ́kọ́ ṣe irú òfin yìí ní ọdún 2007, àwọn ìpínlẹ̀ yòókù ní ilẹ̀ Yorùbá sì ti ṣe tiwọn.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: òfin ní kí adájọ́ wo ire ẹni tí a ṣẹ̀; ta ni yóò wá sọ ọ́ fún adájọ́? Abala 310 sọ wákàtí tí a ó bi ẹni tí ó jẹ̀bi léèrè. Lẹ́yìn èyí ni ó ní kí agbẹjọ́rò ìjọba mú ẹ̀rí wá bí ẹni náà bá ti jẹ̀bi ọ̀ràn mìíràn rí. Kò sọ níbẹ̀ pé kí a bi ẹni tí a ṣẹ̀ ní ohunkóhun. Bí adájọ́ kan bá fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀, kò sí okùn tí ó dè é lọ́wọ́. Bí kò bá sì fẹ́, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Ohun tí ó dúró lórí inú rere ẹnìkan kò tíì di ẹ̀tọ́.

Àpẹẹrẹ kan yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé ni. Ká ní obìnrin opó kan wà ní ìlú wa tí ó ń ránṣọ. Àwọn adigunjalè wọlé tọ̀ ọ́ lóru, wọ́n gba owó àti fóònù rẹ̀, wọ́n sì ṣá a ní ọwọ́ ọ̀tún. Ìwé ẹ̀sùn yóò sọ pé wọ́n jalè, wọ́n sì pa á lára. Dókítà yóò kọ bí ọgbẹ́ náà ti jìn tó àti bí ó ti gùn tó. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀sùn kò sọ pé àtàǹpàkò rẹ̀ kò ká mọ́, tí kò sì lè di abẹ́rẹ́ mú. Kò sọ pé ó ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láti fi san owó ilé-ìwòsàn. Kò sọ pé àwọn ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ti tú ká, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ti kúrò ní ilé-ìwé, tí ó ń kiri omi inú ọ̀rá ní gáréèjì. Kò sọ pé bí òòrùn bá ti ń wọ̀ ni obìnrin náà ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, tí àyà rẹ̀ ń já bí ewúrẹ́ bá fara kan ògiri. Adájọ́ tí kò gbọ́ nǹkan wọ̀nyí lè rò pé ọgbẹ́ ti jinná, ọ̀ràn sì ti tán. Báwo ni irú adájọ́ bẹ́ẹ̀ yóò ṣe mọ iye owó gbà-máà-bínú tí ó tọ́ sí aránṣọ tí kò lè ránṣọ mọ́?

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti rí àlàfo yìí tipẹ́. Ní ìlú Fresno, ní ìpínlẹ̀ California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni òṣìṣẹ́ ilé-ẹjọ́ kan tí ń jẹ́ James Rowland ti mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá síwájú adájọ́ ní ọdún 1976. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1985, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ẹnu kò pé kí a máa jẹ́ kí ẹni tí a ṣẹ̀ sọ èrò àti ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ ní ibi tí ó yẹ nínú ẹjọ́, láìfi ẹ̀tọ́ ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn dù ú. Láti ọdún 2001 ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí a ti kọ́ òfin tiwa.

Ṣùgbọ́n ibi tí a rí ẹ̀kọ́ kọ́ jù ni ilẹ̀ New Zealand. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2019, ọkùnrin kan gbé ìbọn wọ mọ́ṣáláṣí méjì ní ìlú Christchurch, ó sì pa ènìyàn 51 tí wọ́n wá kírun. Ó gbà pé òun jẹ̀bi. Ilé-ẹjọ́ ì bá ti dá ìyà fún un ní wákàtí kan kí olúkúlùkù máa lọ sílé. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi jókòó. Ó lé ní àádọ́rùn-ún ènìyàn tí ọ̀rọ̀ wọn dé etí adájọ́: àwọn opó, àwọn òbí, àwọn ọmọ, àti àwọn tí ìbọn bà tí wọn kò kú. Àwọn kan fi ìbínú sọ̀rọ̀. Ìyá kan tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ wí fún ọ̀daràn náà pé òun dárí jì í. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni adájọ́ rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n títí ọjọ́ ayé rẹ̀, láìsí ìrètí pé yóò jáde. A kò tíì dá irú ìyà bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí ní orílẹ̀-èdè náà.

Kí ni ó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ Christchurch? Ó kàn wá nítorí Ọ̀wọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, àwọn apànìyàn wọ ìjọ Àgùdà ti Francis Mímọ́ ní ìlú Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Wọ́n pa bí ogójì ènìyàn níbi tí wọ́n ti ń sin Ọlọ́run wọn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì fara gbọgbẹ́. Ó lé ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn èyí, ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, kí a tó mú ọkùnrin márùn-ún wá síwájú Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá lórí ọ̀ràn náà. Wọ́n ní àwọn kò jẹ̀bi. Àwa kò wí pé àwọn ni, a kò sì wí pé kì í ṣe àwọn. Iṣẹ́ adájọ́ ni èyíinì. Ohun tí a ń bi léèrè ni pé, ní ọjọ́kọ́jọ́ tí ilé-ẹjọ́ bá dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ẹ̀jẹ̀ tí a ta ní Ọ̀wọ̀, òfin yóò bi ẹni náà bí ó bá ní ohun láti sọ. Ta ni yóò bi ará Ọ̀wọ̀? Ta ni yóò bi ẹni tí ó lọ sí ìsìn pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ tí ó sì dá nìkan padà sílé? Ta ni yóò bi ẹni tí a gé ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò lè dé oko mọ́? Láti Ọ̀wọ̀ dé Àbújá kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń fẹsẹ̀ rìn dé. Bí a kò bá ṣètò láti gbọ́ wọn, a kò ní gbọ́ wọn.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò tako wa, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ asán ni wọn yóò sọ. Wọn yóò ní ẹkún a máa di adájọ́ lójú. Wọn yóò ní ìyà ọ̀daràn yóò wá dúró lórí bí ẹnu ẹni tí a ṣẹ̀ ti dùn tó: pé ẹni tí ó pa ọmọ olówó yóò pẹ́ lẹ́wọ̀n, ẹni tí ó pa alágbe tí kò ní ará yóò sì tètè jáde. Ilé-Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà pàápàá jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1987, ó ní a kò gbọ́dọ̀ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ tí ó lè fa ikú. Nígbà tí ó di ọdún 1991, ó yí ìdájọ́ rẹ̀ padà, ó ní a lè gbọ́ ọ.

Ìdáhùn wa ni pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ojoojúmọ́ ni adájọ́ ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lọ́yà ẹni tí ó jẹ̀bi, tí ó ń gbọ́ nípa ìyá arúgbó àti ọmọ kéékèèké. Kò sí ẹni tí ó sọ pé ẹ̀bẹ̀ náà fọ́ ọ lójú. Adájọ́ tí ó lè gbọ́ èyí kí ó má ṣìnà lè gbọ́ èkejì pẹ̀lú. Síbẹ̀, a gbà pé ohun tí kò ní ààlà a máa di ìlòkulò. Nítorí náà, ààlà tí a fẹ́ nìyí.

Èkíní, a kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí àfi lẹ́yìn tí adájọ́ bá ti dá ẹni náà lẹ́bi. Ẹ̀dùn ọkàn kì í ṣe ẹ̀rí, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó. Ènìyàn lè jìyà ní tòótọ́, kí ó sì jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó fi ìyà náà jẹ ẹ́.

Èkejì, kí ẹni tí a ṣẹ̀ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i. Kí ó má ṣe sọ iye ọdún tí a ó fi ọ̀daràn sẹ́wọ̀n. Òfin àti adájọ́ ni ó ni èyíinì.

Ẹ̀kẹta, kí a fi ìwé náà han lọ́yà ẹni tí ó jẹ̀bi ṣáájú ọjọ́ náà. Bí a bá ní ilé méjì ni ó jó, tí ó sì jẹ́ ọ̀kan, kí ó lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí ó jẹ́ ìfẹ́ inú ẹni tí a ṣẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kí a má ṣe fi agbára mú un, kí adájọ́ má sì ṣe tìtorí ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ sọ pé ọ̀ràn náà kéré. Ẹ̀mí alágbe tí kò ní ará kò rọjú ju ẹ̀mí ọmọ ọlọ́lá lọ.

Ẹ̀karùn-ún, bí ẹni tí a ṣẹ̀ bá ní òun dárí jì, kí adájọ́ wádìí bí ó bá ti ọkàn rẹ̀ wá. Gbogbo wa ni a mọ bí ìbátan àti àgbà àdúgbò ti ń dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ọmọ tí wọ́n fi ipá bá lò pọ̀, pé kí ó má ṣe jẹ́ kí ayé gbọ́, pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òwe náà dára fún ìjà ilẹ̀ àti ìjà tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Ẹni tí ó fi bo ọ̀ràn ọmọdé mọ́lẹ̀ ṣi òwe lò.

Ní báyìí, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wa wà gan-an. Bí a bá ṣe òfin lónìí pé kí ẹni tí a ṣẹ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní lè sọ ọ́ bí a kò bá ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ a máa dùn lẹ́nu ọlọ́rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ilé-ẹjọ́ a máa dí ọlọ́rọ̀ lẹ́nu. Àwọn lọ́yà wọ aṣọ dúdú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Ẹni tí ó ṣá a ní àdá sì dúró ní ọwọ́ kejì, ó ń wò ó lójú. Ìyá aránṣọ tí a mẹ́nu bà lókè yóò sọ gbólóhùn méjì, omijé yóò sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ìrànlọ́wọ́ tí a ń wí kò gba owó rẹpẹtẹ. Kí ẹnìkan wà ní ilé-ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan tí a ti kọ́ ní iṣẹ́ yìí, tí kì í ṣe ọlọ́pàá, tí kì í sì í ṣe lọ́yà. Kí ó jókòó ti ẹni tí a ṣẹ̀ ní yàrá tí ó pa rọ́rọ́, kí ó bi í ní ohun mẹ́rin: kí ni ó ṣe sí ara rẹ? Kí ni ó ṣe sí ọkàn rẹ? Kí ni ó ṣe sí iṣẹ́ àti owó rẹ? Kí ni ó ṣe sí ilé rẹ? Kí ó kọ ìdáhùn sílẹ̀ bí ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀, ní èdè Yorùbá bí ó bá jẹ́ pé Yorùbá ni ó fi sọ ọ́. Kí ó kà á padà sí i létí. Kí a túmọ̀ rẹ̀ fún ilé-ẹjọ́ lẹ́yìn náà, kí ìwé méjèèjì sì wà nínú fáìlì. Ẹni tí ó bá wí pé "ayé sú mi" ti sọ ohun tí kò ṣeé fi gbólóhùn tí akọ̀wé ti tò sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn rọ́pò. Ẹni tí kò bá lè dúró ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ẹlòmíràn kà á fún un. Abala 232 nínú òfin ọdún 2015 ti gbà kí ilé-ẹjọ́ dáàbò bo orúkọ àti ojú àwọn ẹlẹ́rìí kan, bí irú àwọn tí a fi ipá bá lò pọ̀. Kí ààbò náà bo ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 2013 ni a ṣí ilé ìtọ́jú Mirabel ní ọgbà Ilé-Ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà, níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn tí a fi ipá bá lò pọ̀, tí a sì ń gbà wọ́n ní ìyànjú. Ní ọdún 2021, ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa gbógun ti ìwà ipá inú ilé àti ti ìbálòpọ̀. Àwọn tí ó mọ bí a ti ń bá ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ sọ̀rọ̀ ń bẹ láàárín wa. Ohun tí ó kù ni kí a na ọwọ́ irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ dé ilé-ẹjọ́, kí ó sì kan gbogbo ẹni tí a ṣẹ̀, ìbáà jẹ́ olè ni ó jà wọ́n tàbí jàǹdùkú ni ó lù wọ́n.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ kan wà fún yín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí a bá ṣe ọmọdé ní ibi, ẹ̀yin ni ẹ máa ń kọ́kọ́ rí i. Ọmọ tí ń dáhùn ìbéèrè nínú kíláàsì di ẹni tí ń wo ilẹ̀. Ọmọ tí ń kọ́kọ́ dé sílé-ìwé di ẹni tí ó ń pa ilé-ìwé jẹ. Ìwé tí ẹ fi ń pe orúkọ àti ìwé tí ẹ ń kọ máàkì sí jẹ́ ẹ̀rí tí kò gbọ́n àgbọ́nlé: oṣù tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí pa ilé-ìwé jẹ wà níbẹ̀, oṣù tí ìṣirò rẹ̀ wó lulẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹ tọ́jú àwọn ìwé náà. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ rí i. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ sí ọmọ lẹ́nu, nítorí ọ̀rọ̀ tí a kọ́ ọmọdé sọ ni lọ́yà ń tú ká ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, iṣẹ́ tiyín rọrùn láti sọ. Ilé-ìgbìmọ̀ aṣòfin mẹ́fà ni ó wà ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà. Kò sí èyí tí kò lè fi abala kan kún òfin tí ó ti wà, pé lẹ́yìn tí a bá ti bi ẹni tí ó jẹ̀bi léèrè ọ̀rọ̀, kí a bi ẹni tí a ṣẹ̀ pẹ̀lú, kí ìjọba sì pèsè ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́. Kí òfin náà tó jáde pàápàá, Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè fi ìlànà sílẹ̀ fún àwọn ilé-ẹjọ́ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn tí ń wá ìbò bá dé ojúde yín pẹ̀lú ìlù àti orin, ẹ bi wọ́n bóyá wọn yóò dìde sọ ọ̀rọ̀ yìí nínú ìgbìmọ̀. Ẹgbẹ́ yòówù kí wọ́n ti wá, ìbéèrè kan náà ni. Ní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ tálákà lè mọ̀wé kọ, kí ó sì lè ka ohun tí òfin wí nípa rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe èyí fún àwọn òbí wa kò ní fẹ́ kí àwa tí a mọ̀wé tán jókòó nínú ilé-ẹjọ́ bí odi.

Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá kò lè dá àtàǹpàkò aránṣọ náà padà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè jí òkú Ọ̀wọ̀. A mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sàn kí ẹni tí a ṣẹ̀ padà sílé kí ó wí pé: "Wọ́n bi mí, mo sì sọ," ju kí ó padà sílé bí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lọ. Ẹni tí a gbọ́ tẹnu rẹ̀ ní gbangba lè fi ọ̀ràn sílẹ̀ fún ìjọba. Ẹni tí a kò gbọ́ tẹnu rẹ̀ ni ó ń lọ pọ́n àdá rẹ̀ lóru.

Kí àwọn aṣòfin wa má ṣe jẹ́ kí ó pẹ́ jù.